Irọ́ Tí Mo Pa Fún Nọ́ọ̀sì

Irọ́ kan ni mo pa. Mo pa á fún nọ́ọ̀sì tó ń forúkọ àwọn aboyún sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, nígbà tí mo lóyún ọmọ mi kejì. Ó bi mí pé, "Àkọ́bí yín ńkọ́, kílò mélòó ló wọ̀n nígbà tí ẹ bí i?" Mo ní kílò mẹ́ta lé díẹ̀ ni. Kílò 4.5 ni. Ó bi mí bóyá ìbí náà le. Mo ní kò le rárá, wẹ́rẹ́ ni mo bí. Ó bi mí bóyá wọ́n ti rí ṣúgà lára mi rí. Mo mirí pé rárá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú káàdì bí mo ṣe sọ ọ́, ó sì pe ẹni tó kàn. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń jìyà irọ́ yẹn títí di òní, apá rẹ̀ ọ̀tún ló sì fi ń jẹ ẹ́.

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Iléṣà ni mo ti bí àkọ́bí mi. Wọ́n rí i nínú oyún náà pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí mo ń bí i, orí jáde, èjìká dúró. Agbẹ̀bí àgbà tó wà níwájú mi kò pariwo. Ó ní kí àwọn méjì di ẹsẹ̀ mi mú, kí wọ́n tẹ orúnkún mi mọ́ ikùn, òun náà wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn mi, ní òkè eegun ojú ara. Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó ké. Kí n tó kúrò nílé ìwòsàn, agbẹ̀bí àgbà náà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ọmọ mi, gbọ́ o. Èjìká ọmọ yìí há díẹ̀. Ìgbà tó o bá tún lóyún, ibikíbi tó o bá wà, sọ fún wọn. Sọ pé ọmọ rẹ tóbi, sọ pé èjìká há, sọ pé wọ́n rí ṣúgà lára rẹ. Mo ti kọ ọ́ síbí."

Ó nàka sí i lórí káàdì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a kó dé Ìbàdàn, mo ki káàdì yẹn bọ ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ òkè tí mo fi ṣègbéyàwó. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè rẹ̀, mo ní ó sọnù níbi tí a ti ń kó ẹrù.

Abẹ ni mò ń sá fún. Abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ẹbí pé kò lè rọbí, pé wọ́n bá a bí i ni. Ní ìjọ wa, tí a bá ń gbàdúrà fún aboyún, ohun tí a máa ń sọ ni pé kó bí bí obìnrin Hébérù, kí abẹ má kàn án. Tọkàntọkàn ni mo fi ń ṣe àmín. Owó iṣẹ́ abẹ náà tún ń já mi láyà. Mo rò pé tí mo bá sọ òótọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò kọ iṣẹ́ abẹ sórí káàdì mi.

Mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọmọ tó bá tó kílò 4 sókè ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ọmọ títóbi, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn sì ń bí láìsí abẹ. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ní Amẹ́ríkà, ìgbà tí wọ́n bá fojú díwọ̀n pé ọmọ yóò tó kílò 4.5 fún ìyá tó ní ṣúgà, tàbí kílò 5 fún ìyá tí kò ní in, ni wọ́n ní kí dókítà bá ìyá jíròrò lórí iṣẹ́ abẹ. Èjìká tó ti há rí náà wà lára ohun tí wọ́n máa ń gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìjíròrò ni. Wọn ìbá bi mí, ǹ bá sì dá wọn lóhùn. Mo ti ilẹ̀kùn ìjíròrò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó kàn án.

Mo múra ìbí náà o, lọ́nà tèmi. Mò ń rìn láàárọ̀ títí oòrùn á fi yọ. Mò ń jẹ ilá ní àjẹjù, nítorí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọmọ yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo mu àgbo aboyún. Wọ́n ní kí n máa po mọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ mílíìkì kí ẹ̀jẹ̀ lè wà lára mi, mo sì ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ikùn mi yọ síwájú, ìyá ọkọ mi ń yọ̀. "Ìyàwó mi, akọni ló wà níbẹ̀ yẹn." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí lábẹ́lẹ̀, torí bí ikùn ti àkọ́kọ́ ṣe rí gan-an nìyẹn.

Dókítà ló wá là mí lóye ohun tí mọ́ọ̀tì yẹn ń ṣe, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ń gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ínsúlínì ìyá, èyí tí í ṣètò ṣúgà, kì í kọjá. Ọmọ fúnra rẹ̀ yóò wá máa ṣe ínsúlínì tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu láti fi kojú ṣúgà tó ń wọlé, ínsúlínì yẹn ló sì ń mú kó sanra. Kì í ṣe orí ni ọ̀rá náà ń lọ. Èjìká àti àyà ló máa ń kó sí. Ìdí nìyẹn tí orí ọmọ ìyá oníṣúgà fi lè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí èjìká wá kọ̀ láti tẹ̀ lé e. Ilá kì í yọ èjìká.

Ká ní mo sọ òótọ́ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, wọn ìbá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún ṣúgà kí oyún tó dàgbà. Wọn ìbá tún ṣe é nígbà tí oyún wà láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28: ìyá kò ní jẹun láti òru, wọn á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn á fún un ní omi tí wọ́n po gírámù 75 ṣúgà glucose sí, wọn á sì fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Wọn ìbá kọ́ mi ní oúnjẹ tó yẹ kí n máa jẹ. Wọn ìbá kọ̀wé pé kí n lọ bí sí ilé ìwòsàn ńlá tí yàrá iṣẹ́ abẹ àti dókítà ọmọdé wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ó kéré tán, wọn ìbá kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú káàdì mi kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè mọ̀. Káàdì mi mọ́ tónítóní. Ìtọ̀ nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ìtọ̀ kì í sì í sọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Òru ni ìrọbí mú mi. Nọ́ọ̀sì kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́, àti olùrànlọ́wọ́ kan. Ìrọbí bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó wá ń falẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣí káàdì mi, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ má bẹ̀rù, mà. Ẹ ti bí rí, wẹ́rẹ́ lẹ sì bí." Irọ́ mi ló fi ń tù mí nínú.

Nígbà tó pẹ́, orí jáde. Mo gbọ́ tó ní, "Orí ti dé, ẹ kú iṣẹ́!" Lẹ́yìn náà ni orí fà sẹ́yìn, ó lẹ̀ mọ́ mi lára bí orí ahun tó fẹ́ padà sínú ìkarahun. Èjìká ti há sẹ́yìn eegun iwájú ìbàdí mi. Bí ọmọ bá wà báyìí, okùn ìwọ́ lè fún, àyà rẹ̀ kò sì ráyè mí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó wà láàrin rẹ̀ àti ikú. Nọ́ọ̀sì di orí mú, ó fà. Olùrànlọ́wọ́ gun orí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ òkè ikùn mi. Kò sí èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe nínú méjèèjì. Fífà ń na iṣan ọrùn ọmọ, títẹ òkè ikùn sì ń ti èjìká mọ́ eegun tó há sí. Mo ti rí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ní Iléṣà. Ara mi ni wọ́n ti ṣe é. Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Agbẹ̀bí àgbà kan sáré wọlé láti wọ́ọ̀dù kejì. "Kúrò lórí ikùn yẹn! Má fà á mọ́!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi. "Ṣé èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ rí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan, ó kọjú sí iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n tẹ orúnkún mi mọ́ ikùn, ohun tí wọ́n ń fi orúkọ William McRoberts, dókítà ará Texas, pè. Ó tẹ òkè eegun ojú ara. Ọmọ kò mira. Ó ní, "Yí padà, kúnlẹ̀, fọwọ́ tilẹ̀." Ìkúnlẹ̀ ni àwọn ìyá ńlá wa fi ń bímọ, àwọn oníṣègùn òyìnbó náà sì ti wá mọ̀ pé ó ń ran èjìká tó há lọ́wọ́. Ina May Gaskin, agbẹ̀bí ará Amẹ́ríkà, ló polongo rẹ̀ láàrin wọn, ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ilẹ̀ Guatemala sì ni ìmọ̀ náà ti wá. Mo kúnlẹ̀. Ó ki ọwọ́ wọlé, ó mú apá ọmọ tó wà lẹ́yìn jáde, ara yòókù tẹ̀ lé e. Kílò 4.9.

Kò ké. Wọ́n fi rọ́bà fẹ́ èémí sí i ní imú títí ó fi ké fínfín. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára èmi náà, nítorí ilé ọmọ tó bá ti nà jù kì í tètè fún padà. Ọkọ mi ń sáré kiri òru Ìbàdàn láti wá ẹ̀jẹ̀ tó bá tèmi mu. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ṣúgà ti wálẹ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Wọ́n ti gé ìwọ́, ṣúgà mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ínsúlínì tó ti kó jọ sì ń bá iṣẹ́ lọ. Mi ò gbé e fún àkókò tó gùn. Nígbà tí wọ́n wá gbé e fún mi, apá rẹ̀ ọ̀tún ń ṣe yọ̀ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgúnpá nà, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn.

Iṣan tó ti ọrùn wọ apá ló farapa. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, apá ń padà sípò láàrin oṣù díẹ̀. Ti ọmọ mi kò padà tán. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ọwọ́ mi bá a gbé èjìká, bá a ká ìgúnpá, bá a yí ọrùn ọwọ́, nígbàkigbà tí mo bá ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀, kí oríkèé má baà gan. Mo kọ́ pé tí mo bá ń wọṣọ fún un, apá tó ń ṣàìsàn ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, òun náà ni mo máa bọ́ gbẹ̀yìn. Ó ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Ó ń kọ̀wé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ àgbà, ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń gbé ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, tọ̀tún á ká sábẹ́ àyà rẹ̀. Àlejò tí kò mọ̀ á ní kó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ọmọ náà á wo ojú mi.

Ohun tó kù tí mo ní láti jẹ́wọ́ burú ju èyí lọ. Ọkọ mi gbà pé nọ́ọ̀sì ló bá apá ọmọ wa jẹ́. Ó kọ ìwé ẹ̀sùn, àwọn ẹbí sì gbè é lẹ́yìn. Ọmọbìnrin yẹn wá sílé wa láti bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó ń sunkún, ìyá ọkọ mi kò wo ibi tó wà. Mo jókòó, mo gbé ọmọ dání, mò ń wò ó. Mo jẹ́ kó kúnlẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo sì jẹ́ kó dìde lọ.

Mi ò lè sùn lẹ́yìn náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tú àpótí, mo mú káàdì Iléṣà jáde, mo gbé e lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó jókòó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Èmi ńkọ́? O ò lè sọ fún èmi náà?" Èmi àti ẹ̀ jọ gbé káàdì náà lọ sí ilé ìwòsàn, a sì gba ìwé ẹ̀sùn padà. Wọ́n ti gbé ọmọbìnrin náà lọ síbòmíràn. A wá a lọ, mo sì kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó gbé mi dìde, ó ní òun ti dárí jì mí. Ó wá sọ fún mi pé láti òru yẹn, ọwọ́ òun ń gbọ̀n tí orí ọmọ bá ti ń yọ.

Mi ò sọ pé òótọ́ ìbá gba apá ọmọ mi là láìsí àní-àní. Dókítà sọ fún wa pé iṣan yẹn lè farapa nígbà mìíràn kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án, àti pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tí èjìká wọn ń há ni kò tó kílò 4. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo agbẹ̀bí mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, yálà aboyún sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún ti jí kí wàhálà tó dé. Èmi ni mo fi oògùn oorun sí wọn lójú.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin lóyún, tí skáànì sì sọ pé ọmọ rẹ̀ tóbi, ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́sí ló bà á. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣúgà nínú oyún, nítorí ó ń rìn nínú ẹbí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí díẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó febi pa ara rẹ̀. Òkèlè rẹ̀ kéré sí i, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i, ó jáwọ́ nínú mọ́ọ̀tì àti ẹlẹ́rìndòdò, ó ń rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì ń gún ìka rẹ̀ wo ṣúgà. Dókítà sọ fún un pé ojú ni skáànì fi ń díwọ̀n, pé ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì í. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n jíròrò iṣẹ́ abẹ, wọ́n sọ ewu rẹ̀ àti àǹfààní rẹ̀. Òun ló yàn láti gbìyànjú, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé bí ìrọbí bá dúró sójú kan, wọn ò ní fi dúdú pe funfun, abẹ ni.

Lọ́jọ́ tó rọbí, mo rí ohun tí ìmúrasílẹ̀ ń jẹ́. Wọ́n ti yẹ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti wá èyí tó bá a mu sílẹ̀. Kò dùbúlẹ̀ gbalaja. Ó ń rìn, ó ń kúnlẹ̀, ó ń fara ti èjìká mi. Wọ́n ní kó tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ jáde. Àwọn agbẹ̀bí dúró tì í, wọ́n ti pín iṣẹ́: ẹni tó máa di ẹsẹ̀ mú, ẹni tó máa tẹ òkè eegun, ẹni tó máa wo aago. Dókítà ọmọdé wà lẹ́nu ọ̀nà. Orí jáde, èjìká lọ́ra díẹ̀, wọ́n tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́ ikùn, ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Kílò 4.3, apá méjèèjì ń jà fìtìfìtì nínú afẹ́fẹ́. Wọ́n gún ìyá ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ fún, wọ́n gbé ọmọ sí ọmú lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gún gìgísẹ̀ rẹ̀ wo ṣúgà. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Mo jáde lọ sunkún.

Ìyá nìkan kọ́ ló ń múra de ọmọ títóbi. Ọwọ́ tó máa gba ọmọ náà ní láti múra, kò sì lè múra de ohun tí a fi pamọ́ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú oyún, ẹ mú káàdì àtijọ́ lọ. Bó bá sọnù lóòótọ́, ẹ fẹnu sọ ọ́: bí ọmọ ṣe wọ̀n tó, bí èjìká bá há, bí wọ́n bá rí ṣúgà, bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára yín. Ẹ tún un sọ fún ẹni tó bá gbà yín wọlé lóru ìrọbí, nítorí ó lè má jẹ́ òun ló kọ ọ́. Lẹ́yìn ìbí, láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ẹ padà lọ yẹ ṣúgà wò, nítorí ó lè fara pamọ́ kó tún yọjú lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ẹ̀yin ará ìjọ, mi ò ní pín ẹ̀bi mi fún yín. Ẹnu mi ni mo fi parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ tí a ń sọ nípa ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́ mi láti bẹ̀rù abẹ ju ikú lọ. Ọmọ rẹ̀ ń gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè. Ẹ jẹ́ ká yé ka obìnrin tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún sí ọ̀lẹ, kí aboyún tó kàn nínú ilé wa má baà rí ìdí tó fi máa ki káàdì rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ àpótí.